Túnà tẹlifíṣọ̀n orí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì àti Linux nínú ilé wa ní Ìkòròdú: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè táwọn èèyàn ń bi mí lórí ọ̀rọ̀ yìí ní Sábó, ní Ìgbógbó, ní ọ̀nà Ìjẹ̀dẹ̀ títí dé Ìmọ̀ta, ìkan náà ló sábà máa ń jẹ́, ìyẹn ni mo ṣe kó gbogbo ẹ̀ jọ síbí. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn kẹ́ ẹ tó máa kà á lọ ni pé áńtẹ́nà ló ṣáájú, oríṣi túnà tẹ́ ẹ fẹ́ rà ló tẹ̀lé e, kọ̀ǹpútà àti Linux (sọ́fítíwíà tó ń darí kọ̀ǹpútà, bíi Windows) ló kẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, owó á ti lọ tán kí wọ́n tó mọ̀ pé sígnà ò tiẹ̀ dé orí òrùlé wọn.

Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ń pè ní túnà orí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì gan-an?

Àpótí kékeré kan ni. Wáyà áńtẹ́nà wọ ẹ̀gbẹ́ kan, wáyà nẹ́tíwọ̀ọ̀kì (wáyà LAN) jáde ní ẹ̀gbẹ́ kejì lọ sínú rọ́tà yín, ó parí. Túnà méjì tàbí mẹ́rin ló sábà máa ń wà nínú ẹ̀, ìkọ̀ọ̀kan sì lè mú ṣánẹ́ẹ̀lì tiẹ̀ lọ́tọ̀. Kì í ṣe dekóda o, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ò ní ihò HDMI rárá, ẹ ò ní so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n kankan. Ńṣe ló ń gba sígnà látinú afẹ́fẹ́ tó sì ń dà á sórí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ilé, kí láptọ́ọ̀pù, fóònù tàbí tẹlifíṣọ̀n tó bá fẹ́ ẹ wá mú un níbẹ̀, bíi bọ̀hóòlù kan láàárín àgbàlá tí gbogbo yàrá ti ń pọnmi. Èyí tórúkọ ẹ̀ jáde jù ni HDHomeRun, ilé iṣẹ́ SiliconDust ní Amẹ́ríkà ló ń ṣe é, òun ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ jù nínú ohun tí mò ń sọ yìí, àmọ́ òun nìkan kọ́ ló wà.

Ṣé kò ní jẹ dátà mi tán báyìí? Owó tí mò ń ná lórí dátà lóṣù ti pọ̀ jù.

Kò ní jẹ dátà. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ torí èyí ló ń lé ọ̀pọ̀ èèyàn sá fún nǹkan tó yẹ kí wọ́n jàǹfààní ẹ̀: kò ní jẹ dátà. Àwòrán ń ti áńtẹ́nà bọ́ sínú túnà, ó ń ti túnà bọ́ sínú rọ́tà, ó ń ti rọ́tà bọ́ sórí láptọ́ọ̀pù yín, gbogbo ìrìn yẹn inú ilé yín ló ti ṣẹlẹ̀, kò jáde sórí íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Ẹ yọ síìmù kúrò nínú rọ́tà pátápátá, ẹ á ṣì máa wò ó. Ibi tí dátà ti wúlò ò ju ìgbà tẹ́ ẹ bá ń gbé sọ́fítíwíà sórí kọ̀ǹpútà lọ, tàbí tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí àkójọ ètò máa wá láti orí íntánẹ́ẹ̀tì dípò èyí tó ń bá sígnà fúnra ẹ̀ wá.

Ohun tó ń gba orí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì inú ilé kọjá, ṣánẹ́ẹ̀lì SD (àwòrán lásán) kan máa ń tó bíi 2 sí 4 Mbps (bí dátà ṣe ń yára kọjá tó nìyẹn), HD (àwòrán tó mọ́ kedere) lè tó 6 sí 12. Wáyà LAN tó ń sáré 100 Mbps lásán lè gbé mẹ́rin irú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kó má sì nira fún un.

Kí ló dé tó jẹ́ Linux lẹ ń sọ ṣáá, ṣé Windows ò ṣe é ni?

Ó ṣe é. Àmọ́ Linux ni mo fẹ́ràn fún iṣẹ́ yìí, mo sì ní ìdí. Tó bá jẹ́ túnà USB lẹ ní, kernel Linux, ìyẹn ọkàn Linux fúnra ẹ̀, gbọ́dọ̀ mọ ṣíìpù tó wà nínú ẹ̀, nígbà míì ẹ tún máa wá fáìlì firmware (sọ́fítíwíà tí ṣíìpù náà fúnra ẹ̀ ń lò) lọ́tọ̀, tẹ́ ẹ bá sì ṣe àpdéètì lọ́jọ́ kan ó lè ní òun ò ṣiṣẹ́ mọ́. Túnà orí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ò ní wàhálà yẹn torí kò sí dráífà (sọ́fítíwíà tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà mọ ohun èlò) kankan tẹ́ ẹ fẹ́ gbé sílẹ̀, kọ̀ǹpútà tó bá ti lè bá rọ́tà sọ̀rọ̀ ti lè bá túnà sọ̀rọ̀. Àwọn oríṣi Linux bíi Ubuntu, Debian, Mint, Fedora, kódà FreeBSD tí kì í ṣe Linux, gbogbo wọn ló gbà á. Libhdhomerun, sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń darí àpótí náà, open source ni (ẹnikẹ́ni lè rí bí wọ́n ṣe kọ ọ́), abẹ́ ìwé àṣẹ LGPL ló wà.

Èkejì ni ti àwọn láptọ́ọ̀pù àtijọ́ tó wà nílẹ̀ nílé wa. Èyí tí Windows tuntun ò lè sáré lórí ẹ̀ mọ́, tẹ́ ẹ bá gbé Debian kékeré sí i, ó tó láti máa gba ètò sílẹ̀ fún gbogbo ilé lọ́dún mẹ́ta mẹ́rin sí i. Ó ń dùn mí tí mo bá rí i tí wọ́n ta irú ẹ̀ fún àwọn tó ń ra pàǹtí.

Bọ̀dá mi tó wà ní Houston fẹ́ rà á ránṣẹ́, èwo ni kó rà?

Ẹ tètè pè wọ́n kí wọ́n má tíì rà á. Èyí tí wọ́n ń tà fún àwọn ará Amẹ́ríkà, ATSC ló ń gbà, ìyẹn ìlànà tẹlifíṣọ̀n díjítà tiwọn, ATSC ò sì sí ní Nàìjíríà, tó bá débí kò ní rí ṣánẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo láéláé, kò sí sẹ́tìn tẹ́ ẹ máa yí tó máa tún un ṣe. Tiwa níbí DVB-T2 ni. Èyí tó wá láti Yúróòpù ló sún mọ́ tiwa, síbẹ̀ ẹ kíyè sí i o, àwọn tó ti pẹ́ nínú wọn DVB-T nìkan ni wọ́n ń gbà, wọn ò mọ T2. Ó gbọ́dọ̀ wà lára páálí ẹ̀ gbangba pé DVB-T2. Lára HDHomeRun, nọ́ńbà tó bá fi US parí, tará Amẹ́ríkà nìyẹn. Èyí tó bá sì jẹ́ ISDB-T, àwọn Japan àti Brazil ló ń lò ó, nílẹ̀ Áfíríkà níbí Botswana gbà á, àwa ò gbà á.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ mọ bó ṣe jẹ́: àdéhùn kan làwọn orílẹ̀-èdè ṣe lábẹ́ ITU (àjọ àgbáyé tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀) lọ́dún 2006 pé tó bá fi máa di 17 June 2015 káwọn ti kúrò lórí tẹlifíṣọ̀n analog, ti àtijọ́ tí kì í ṣe díjítà. Nàìjíríà ò bá a. Jos ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe ìfilọ́lẹ̀ díjítà ní 30 April 2016, Àbújá tẹ̀lé e ní December ọdún yẹn, ó di 29 April 2021 kó tó kan Èkó. NBC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ní Nàìjíríà, ló ń bójú tó ọ̀rọ̀ yẹn, FreeTV sì ni orúkọ tí wọ́n fún tẹlifíṣọ̀n díjítà náà.

Ṣé mo lè fi wo GOtv, DStv tàbí StarTimes láìsan owó oṣù?

Rárá. Wọ́n ti ti àwọn ṣánẹ́ẹ̀lì wọn pa, káàdì tàbí dekóda wọn nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́ ẹ̀. Òótọ́ ni pé DVB-T2 náà ni GOtv ń lò, túnà yín sì lè rí sígnà ẹ̀ kedere, á kà á, á kọ orúkọ ṣánẹ́ẹ̀lì síbẹ̀, á wá kọ “encrypted” sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ibẹ̀ ló pin sí. Àwọn kan á ní àwọn mọ ẹni tó ń ta kọ́kọ́rọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ má dá wọn lóhùn, olè ni, ẹni tó sì ń tà á lè bá owó yín lọ nígbàkigbà.

FreeTV ńkọ́?

Ẹ kọ́kọ́ dán an wò kẹ́ ẹ tó ná kọ́bọ̀. Ẹ wá tẹlifíṣọ̀n tó ní DVB-T2 nínú ara ẹ̀, ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ tó jáde láìpẹ́ ló ní i, ẹ ki wáyà áńtẹ́nà bọ̀ ọ́ tààrà láìsí àpótí kankan láàárín, kẹ́ ẹ ní kó wá ṣánẹ́ẹ̀lì. Èyí tó bá ṣí níbẹ̀ máa ṣí lórí túnà nẹ́tíwọ̀ọ̀kì. Èyí tó bá mú orúkọ wá tí kò mú àwòrán wá, bákan náà ló máa rí lórí túnà, torí àpótí tí wọ́n ń tà fún un ní ohun tó ń ṣí i nínú tí túnà yín ò ní. Ibi tẹ́ ẹ ń gbé gan-an ni kẹ́ ẹ ti dán an wò, kì í ṣe ilé ọ̀rẹ́ yín ní Agége.

Irú áńtẹ́nà wo ni, ṣé èyí tí bàbá mi fi ń wo NTA látijọ́ ṣì dáa?

Ibí yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀ jù. Áńtẹ́nà àtijọ́ tó ní irin gígùn gígùn yẹn, fún ìgbì VHF ni wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn, bíi ti NTA Channel 10 ayé ọjọ́un. Díjítà wà lórí UHF, ìgbì tó ga ju VHF lọ, láti 470 MHz lọ sókè, irin áńtẹ́nà tiẹ̀ kúrú, ó sì pọ̀ lára igi ẹ̀. Èyí tó wà níta lẹ máa rà, ẹ má ra èyí tí wọ́n ń gbé sórí tẹlifíṣọ̀n nínú pálọ̀, páànù òrùlé wa nìkan ti tó láti pa sígnà.

Ní Ìkòròdú, ìwọ̀-oòrùn ni Ìkẹjà wà sí wa, Èkó erékùsù wà ní ìwọ̀-oòrùn tó yà sí gúúsù, ọ̀sà ló sì wà láàárín àwa àti erékùsù náà. Àwọn ará Ìgbógbó, Báyékù àti Ìjẹ̀dẹ̀ tó wà létí omi, iwájú yín là, àmọ́ omi máa ń ta sígnà padà, sígnà kan náà á wá dé sára áńtẹ́nà láti ọ̀nà méjì. DVB-T2 fara da ìyẹn ju analog lọ, síbẹ̀ nígbà míì tẹ́ ẹ bá sún áńtẹ́nà sókè tàbí sísàlẹ̀ díẹ̀ péré, gbogbo ẹ̀ á yí padà. Àwọn ará Ìmọ̀ta àti Agbówá, igi àti jíjìnnà ni tiyín, igi tẹ́ ẹ fi gbé áńtẹ́nà dúró gbọ́dọ̀ ga. Ẹ má sì kàn wo ibi tí áńtẹ́nà GOtv àdúgbò kọjú sí kẹ́ ẹ kọ tiyín síbẹ̀, ó lè jẹ́ òpó míì ni tiyín ti ń wá.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù lára HDHomeRun ni pé ó ń fún yín ní nọ́ńbà. Ẹ ní kí ẹnì kan wà lórí òrùlé, ẹ̀yin wà nídìí láptọ́ọ̀pù, kẹ́ ẹ máa tẹ àṣẹ yìí nínú tẹ́míná, ojú ìwé tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ fún Linux (bẹ́ ẹ ṣe máa gbé sọ́fítíwíà ẹ̀ sílẹ̀ wà nínú ìbéèrè tó tẹ̀lé èyí, nọ́ńbà ìdánimọ̀ túnà tiyín ni kẹ́ ẹ fi rọ́pò 1234ABCD):

hdhomerun_config 1234ABCD get /tuner0/status

Nọ́ńbà mẹ́ta lẹ máa wò. ss ni agbára sígnà, snq ni bó ṣe mọ́ tó kúrò lára ariwo, seq ni bóyá nǹkan tó ń dé ò ní àṣìṣe. seq gbọ́dọ̀ jẹ́ 100, tó bá ti ń já wálẹ̀ àwòrán á máa fọ́ sí wẹ́wẹ́. ss tó ga pẹ̀lú snq tó kéré ò dáa, ariwo ló pọ̀ níbẹ̀. Ẹ máa yí áńtẹ́nà díẹ̀díẹ̀, ẹ dúró fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn yíyí kọ̀ọ̀kan kí nọ́ńbà lè balẹ̀, snq ni kẹ́ ẹ máa lé, ẹ fi ss sílẹ̀.

Ti bústà, ẹ má rà á ṣáájú. Bústà ń gbé sígnà sókè, ó ń gbé ariwo náà sókè, òpó fóònù tó wà nítòsí sì lè tipasẹ̀ ẹ̀ bo túnà yín mọ́lẹ̀. Wáyà áńtẹ́nà tó dáa, èyí tí wọ́n ń pè ní RG6, lẹ kọ́kọ́ rà. Ibi tí wáyà ti pàdé áńtẹ́nà, ẹ fi tépù rọ́bà dì í dáadáa kí òjò June àti July má bàa wọ inú ẹ̀, torí omi inú wáyà kì í jáde mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi wáyà so irin tó gbé áńtẹ́nà dúró mọ́lẹ̀ nítorí mànàmáná, tí ààrá bá sì ti ń sán kẹ́ ẹ yọ wáyà kúrò lẹ́yìn túnà.

Báwo ni mo ṣe máa gbé e sórí Ubuntu tàbí Debian?

Ẹ so túnà mọ́ rọ́tà pẹ̀lú wáyà LAN, ẹ so áńtẹ́nà mọ́ ọn, ẹ tan án. Nínú tẹ́míná lórí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ:

sudo apt install hdhomerun-config
hdhomerun_config discover

Á dá yín lóhùn pé òun rí àpótí kan, á sọ nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀ àti àdírẹ́ẹ̀sì ẹ̀, ká ní 192.168.1.50. Ẹ sọ fún un pé ètò Yúróòpù ni ṣánẹ́ẹ̀lì wa ń tẹ̀lé, ìyẹn ni 8 MHz fún ṣánẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan lórí UHF, kó wá máa wá wọn:

hdhomerun_config 1234ABCD set /tuner0/channelmap eu-bcast
hdhomerun_config 1234ABCD scan /tuner0 abajade.txt

Ó máa pẹ́ díẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ kó parí. Tẹ́ ẹ bá ṣí abajade.txt, ẹ máa rí gbogbo ibi tó ti rí sígnà, orúkọ ṣánẹ́ẹ̀lì, àti èyí tí wọ́n tì pa. Ẹni tí kò fẹ́ tẹ nǹkan kankan nínú tẹ́míná, kó ṣí àdírẹ́ẹ̀sì túnà yẹn nínú bráúsà kó ní kó wá ṣánẹ́ẹ̀lì níbẹ̀, iṣẹ́ kan náà ni.

Lẹ́yìn ìyẹn ẹ ṣí VLC, sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń wo fídíò, ẹ fún un ní http://192.168.1.50/lineup.m3u, gbogbo ṣánẹ́ẹ̀lì á tò jáde. Ẹ lọ sínú rọ́tà kẹ́ ẹ fi àdírẹ́ẹ̀sì yẹn pamọ́ fún túnà kó má máa yí padà, torí tó bá yí padà gbogbo ohun tẹ́ ẹ ti tò máa dàrú.

Mo tẹ discover, ó ní òun ò rí nǹkan kan.

Ọ̀pọ̀ ìgbà kì í ṣe pé túnà bàjẹ́. Èyí tí mo ń rí jù ní àdúgbò wa ni pé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì méjì ló wà nínú ilé: MiFi kan tí láptọ́ọ̀pù wà lórí ẹ̀, rọ́tà kan tí túnà wà lórí ẹ̀, àwọn méjèèjì ò sì mọra. Gbogbo ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lórí rọ́tà kan. MiFi tí kò ní ihò LAN ò lè ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ wá rọ́tà tó ní ihò, èyí tó ti pẹ́ tí kò tiẹ̀ ní síìmù náà dáa.

Èkejì, tó bá jẹ́ Wi-Fi àlejò lẹ wà lórí ẹ̀, rọ́tà máa ń ya àwọn tó wà níbẹ̀ sọ́tọ̀ kí wọ́n má lè bára wọn sọ̀rọ̀, ẹ bọ́ sórí Wi-Fi gidi. Ẹ̀kẹta, fáyàwọ́ọ̀lù, ìyẹn ẹ̀ṣọ́ tó ń dí ohun tó ń wọlé láti nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, lórí kọ̀ǹpútà yín lè máa dí ìdáhùn túnà lọ́nà, pọ́ọ̀tì (ẹnu ọ̀nà) UDP 65001 ló ń gbà wá. Tó bá jẹ́ fáyàwọ́ọ̀lù ufw lẹ ń lò:

sudo ufw allow from 192.168.1.0/24

Tó bá wá jẹ́ pé ó rí túnà àmọ́ àdírẹ́ẹ̀sì ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254, rọ́tà ò fún un ní àdírẹ́ẹ̀sì nìyẹn, ẹ wo wáyà LAN, ẹ pa àwọn méjèèjì, ẹ tan rọ́tà ṣáájú.

Sọ́fítíwíà wo ló dáa jù?

VLC fún ẹni tó kàn fẹ́ wò ó lásán. Jellyfin fún ẹni tó ti ní fíìmù tiẹ̀ nílẹ̀ tó fẹ́ kí gbogbo ẹ̀ wà lójú kan, ó ń dá HDHomeRun mọ̀ fúnra ẹ̀, bráúsà lẹ máa fi wọlé sí i ní pọ́ọ̀tì 8096, àmọ́ ẹ máa nílò fáìlì XMLTV, ìyẹn fáìlì tí wọ́n kọ ètò àti àkókò ẹ̀ sí, fún àkójọ ètò. MythTV náà wà, láti 2002 ló ti ń bọ̀, ó lágbára, ṣùgbọ́n ìtò ẹ̀ gba sùúrù.

Èyí tí mo máa ń sọ fún àwọn èèyàn ni Tvheadend lórí kọ̀ǹpútà tó ń gba ètò sílẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi Kodi, sọ́fítíwíà ìwòran, wò ó lórí àwọn tẹlifíṣọ̀n. Bráúsà lẹ fi ń darí Tvheadend ní pọ́ọ̀tì 9981, Kodi ń bá a sọ̀rọ̀ ní 9982. Ohun tó mú mi fẹ́ràn ẹ̀ nìyí: àwọn ṣánẹ́ẹ̀lì díjítà kì í dá rìn, wọ́n máa ń kó bíi mélòó kan pọ̀ sórí ìgbì kan náà, wọ́n ń pè é ní mux. Tvheadend lè fi túnà kan ṣoṣo mú ṣánẹ́ẹ̀lì púpọ̀ tó bá ti jẹ́ pé orí mux kan náà ni wọ́n wà. Bàbá ń wo ìròyìn, àwọn ọmọ ń wo kàtúùn, ó ń gba ètò ìsìn sílẹ̀ fún màmá, túnà kan ló ń ṣe é. Ó sì ń ka àkójọ ètò tó bá sígnà wá, kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹni tó bá ní Raspberry Pi 4, kọ̀ǹpútà kékeré kan, kó gbé LibreELEC, oríṣi Linux kan, sí i, Kodi ti wà nínú ẹ̀ tán.

Ó ń dúró, ó ń lọ, ó ń dúró. Kí ló ń ṣe é?

Ẹ wo seq lákọ̀ọ́kọ́. Tó bá jẹ́ 100 ṣinṣin, áńtẹ́nà ò ní ẹ̀ṣẹ̀, Wi-Fi ni. Túnà fúnra ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lórí wáyà, kọ̀ǹpútà tó ń gba ètò sílẹ̀ náà gbọ́dọ̀ wà lórí wáyà, àwọn tó ń wò nìkan ni kí wọ́n wà lórí Wi-Fi, 5 GHz ni kẹ́ ẹ lò tí yàrá bá sún mọ́ ọn. Ní ilé onílé púpọ̀ tí yàrá kọ̀ọ̀kan ní rọ́tà tiẹ̀, 2.4 GHz ti kún àkúnya.

Báwo ni fáìlì tó bá gbà sílẹ̀ ṣe máa ń tóbi tó?

Ṣánẹ́ẹ̀lì tó ń lo 4 Mbps, wákàtí kan máa gba bíi 1.8 GB. Tó bá jẹ́ 8 Mbps ó di 3.6 GB. Háádì díìsì 500 GB máa gbé ju igba wákàtí SD lọ dáadáa. Ẹ fi ìṣẹ́jú díẹ̀ kún iwájú àti ẹ̀yìn gbogbo ètò tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbà sílẹ̀, torí àwọn iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n wa kì í fìgbà gbogbo bẹ̀rẹ̀ lásìkò. Fún ilé yín ni o, ẹ má dà á kọ sórí fláàṣì kẹ́ ẹ máa tà á ní gáréèjì.

Ọ̀rọ̀ iná ńkọ́? Ẹ mọ bó ṣe rí ní Ìkòròdú.

Mo mọ̀ ọ́n. Túnà àti rọ́tà ò fẹ́ iná púpọ̀, wọn ò ju wáàtì díẹ̀ lọ, UPS kékeré tí wọ́n ń tà fún rọ́tà lè gbé àwọn méjèèjì fún wákàtí mélòó kan, ẹ ṣáà wo ara adápítọ̀ wọn bóyá 5V ni tàbí 12V, ẹ má ṣi í lò. Láptọ́ọ̀pù àtijọ́ tí bátìrì ẹ̀ ṣì ń di nǹkan mú dáa ju kọ̀ǹpútà ńlá lọ fún gbígba ètò sílẹ̀, torí tí wọ́n bá mú iná lọ láàárín ètò kò ní kú. Tó bá jẹ́ Raspberry Pi, ẹ jìnnà sí gbígba ètò sórí káàdì SD, iná tó ń lọ tó ń bọ̀ máa bà á jẹ́, SSD kékeré ni kẹ́ ẹ so mọ́ ọn. Tvheadend ń dìde fúnra ẹ̀ tí kọ̀ǹpútà bá ti tàn, kò sí ohun tẹ́ ẹ máa tẹ̀.

Mi ò rí HDHomeRun tó ní DVB-T2 rà. Kí ni mo lè ṣe?

Ẹ ṣe tiyín fúnra yín. Raspberry Pi ní bọ́ọ̀dù kékeré kan tí wọ́n ń pè ní TV HAT, ó jáde ní October 2018, ṣíìpù Sony CXD2880 ló wà nínú ẹ̀, ó sì ń gba DVB-T2. Ẹ fi sórí Pi, ẹ gbé Tvheadend sí i, òun fúnra ẹ̀ ti di túnà orí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì nìyẹn, gbogbo ilé á máa wò ó lára ẹ̀. Túnà USB náà ṣe é ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó kéré lówó tó jẹ́ RTL2832U nìkan, DVB-T lásán nìyẹn, àwọn tó ń tà á á sì máa pariwo pé díjítà ni.

Díìṣì ni mo ní, kì í ṣe áńtẹ́nà.

Kò burú, SAT>IP ni kẹ́ ẹ wá. SES, iléeṣẹ́ sátẹ́láìtì, ló gbé e jáde ní 2012, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe fún díìṣì: wáyà LNB (orí díìṣì tó ń gba sígnà) wọlé, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì jáde. Tvheadend ń bá a sọ̀rọ̀ láìsí wàhálà. Tẹ́ ẹ bá ní káàdì DVB-S2 (túnà sátẹ́láìtì) lára kọ̀ǹpútà Linux, sọ́fítíwíà minisatip á sọ ọ́ di SAT>IP lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣánẹ́ẹ̀lì tí wọn ò tì pa nìkan ni níbí náà.

Aago àkójọ ètò fi wákàtí kan yàtọ̀.

sudo timedatectl set-timezone Africa/Lagos

Kẹ́ ẹ tún Tvheadend tàn.

Àwa mẹ́rin la jọ ń gbé nínú ilé kan, ṣé a lè dáwó ra ẹyọ kan?

Ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀, ó tiẹ̀ dáa bẹ́ẹ̀. Áńtẹ́nà kan ṣoṣo lórí òrùlé dípò mẹ́rin, bàbá onílé náà á fẹ́ràn ẹ̀ torí ihò òrùlé á dín kù. Túnà mẹ́rin ni kẹ́ ẹ rà, kẹ́ ẹ fa wáyà LAN wọ yàrá kọ̀ọ̀kan tó bá ṣe é ṣe. Ẹ fẹnu kò ṣáájú lórí ta ló máa máa bójú tó kọ̀ǹpútà tó ń gba ètò sílẹ̀, iná ta ló sì wà lórí ẹ̀. Nínú Tvheadend ẹ lè fún yàrá kọ̀ọ̀kan ní orúkọ àti páásìwọ́ọ̀dù tiẹ̀ kí ẹnì kan má bàa pa ohun tí ẹlòmíì gbà sílẹ̀ rẹ́.

Tí mo bá wà níbi iṣẹ́ ní Èkó erékùsù, ṣé mo lè wo tilé látibẹ̀?

Ẹ má ṣí pọ́ọ̀tì túnà sórí íntánẹ́ẹ̀tì. HDHomeRun ò ní páásìwọ́ọ̀dù kankan, ẹni tó bá rí àdírẹ́ẹ̀sì yín lè mú túnà yín lò. WireGuard, sọ́fítíwíà tó ń la ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ gba orí íntánẹ́ẹ̀tì wọ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ilé, ni kẹ́ ẹ gbé sórí kọ̀ǹpútà Linux tó wà nílé, kẹ́ ẹ gbé e sórí fóònù yín náà, ẹ á wọlé bí ẹni pé ẹ wà ní pálọ̀. Rọ́tà tó ń lo síìmù kì í sábà ní àdírẹ́ẹ̀sì tí ará ìta lè kàn lù, nítorí náà ẹ lè nílò sáfà kékeré kan (kọ̀ǹpútà tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì) tẹ́ ẹ rẹ́ǹtì síta láti so méjèèjì pọ̀. Ibí ni dátà ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í lọ o, ti ilé máa lọ, ti fóònù náà máa lọ, nítorí náà ẹ ní kí Jellyfin fún àwòrán náà pọ̀ kó wálẹ̀ sí 1 Mbps tàbí kó dín díẹ̀ kó tó fi ránṣẹ́. Ohun tẹ́ ẹ bá lè gbà sílẹ̀ kẹ́ ẹ wá wò tẹ́ ẹ bá délé, ẹ gbà á sílẹ̀.